ORÍ TÁBÌLÌ ẸRAN NI ỌMỌ MI TI MỌ INÚ ARA ÈNÌYÀN

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

   

Ní ìpàdé wa tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí, Ìyá Elélùbọ́ dìde, wọ́n ní ọmọ àwọn ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jókòó ni wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní ọmọ náà pè láti iléèwé pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ó ní ẹ̀kọ́ ara ènìyàn tí wọ́n ń kọ́ àwọn fẹ́ ya òun ní wèrè, òun sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ìyálọ́jà wa wo ojú mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe irú èyí ló ṣẹlẹ̀ sí tìẹ náà? Kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo wa gbọ́." Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

Ẹ mọ̀ mí. Inú ẹran ni mo ń tà: ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, kíndìnrín, ìfun, ọkàn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, lọ́wọ́ ìyá mi ni mo sì ti gba iṣẹ́ náà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ìwé mẹ́fà yẹn náà ló sọ mí di akọ̀wé yín, nítorí náà ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí kọ́mà bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

ÌWÉ TÓ NÍPỌN BÍI BÚRẸ́DÌ

Ní 2015 ni ọmọ mi obìnrin, ẹ̀kẹta nínú àwọn ọmọ mi, wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. N kò ní dárúkọ iléèwé náà. Èésú tí a jọ ń dá ni mo gbà, òun ni mo fi san owó àkọ́kọ́, tí mo fi ra aṣọ funfun, bàtà àti ìwé. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n ní kí a rà, ọ̀kan wà tó nípọn bíi búrẹ́dì. Ross and Wilson ni wọ́n ń pè é. Ìwé náà ti pẹ́ láyé, 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ti fẹ̀yìn tì ló kà á.

Ọ̀rọ̀ méjì kan ń bẹ lára ìwé yẹn tí ọmọ mi ń pè tọ̀sán-tòru: Anatomy àti Physiology. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń jẹ́. Ó ní, "Màámi, Anatomy ni kí èèyàn mọ ohun tó wà nínú ara àti ibi tó wà. Physiology ni kí èèyàn mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe." Mo ní háà, èyí kò mà le! Ó dà bí ẹni tó mọ gbogbo ìsọ̀ tó wà lọ́jà, tó tún mọ ohun tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ pé ọjà tí wọ́n ní kí ọmọ náà mọ̀, ó tóbi ju tiwa lọ.

Nígbà náà, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní PTS. Oṣù mẹ́fà yẹn ni wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò. Bó bá pé, wọ́n á ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá yege, wọ́n á dé e ní fìlà nọ́ọ̀sì, á máa bá ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá yege, á kó ẹrù rẹ̀, ó di ilé. Owó tí ìyá rẹ̀ ti san, ó wọgbó nìyẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì, ND àti HND ni wọ́n ń fún ọmọ níbẹ̀, ètò wọn sì ti yàtọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ara ènìyàn yìí ṣì ni ìpìlẹ̀, òun náà ló ṣì ń bà wọ́n lẹ́rù.

34 NÍNÚ 100

Oṣù kejì kò tíì pé tí ọmọ mi fi dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n ti ṣe ìdánwò kékeré, 34 nínú 100 ló gbà. 50 ni wọ́n fi ń yege. Ẹnu mi kò gba ìjánu lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Èésú ń bẹ lọ́rùn mi, ìwọ ń gba 34!" Bàbá wọn ní bóyá kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà níbẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ à-ń-da-ìgbẹ́-aláìsàn-nù ni? Ọmọ náà kò fèsì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọjà bó ti máa ń ṣe, ó ń bá mi fọ ṣàkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń ní kí ó wálé. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé, a ti wà ní odò-ẹran. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó ń bá mi tà. Ọjọ́ Àìkú, ó ń fọ aṣọ àbúrò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà sí iléèwé láìtíì ṣí ìwé. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún san owó ìwé, mo fi ọwọ́ òsì gba àkókò tó yẹ kó fi kà á. Mo wá ń bínú pé kò mọ̀wé.

MO LA ỌKÀN LÓJÚ RẸ̀

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bó ti ń fọ ṣàkì, mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó á ka márùn-ún mẹ́fà, á ṣì í, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Mo ní kí lo ń kà? Ó ní, "Ọkàn ni, Màámi. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde. Mo ti há a sórí bí ìgbà mẹ́wàá, kò dúró."

Mo wo orí tábìlì mi. Ọkàn màlúù mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀, mo ní, "Fi hàn mí."

Ó dúró, ó ń wò ó. Ó ní, "Màámi, ṣé èyí náà ni?" Ẹ gbọ́ o! Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń bá mi fọ ọkàn, kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ nínú ìwé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa àti ọ̀dà búlúù kun tinú ìwé, tèmi dúdú díẹ̀, ọ̀rá sì bò ó. Ẹni tó kọ́ ọ kò sọ fún un pé ohun tó wà nílé wọn ni.

Mo fi ọ̀bẹ là á. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn. Mo wá bi í ní ohun tí èmi náà ti ń rí fún ọgbọ̀n ọdún tí n kò bi ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Kí ló dé tí ògiri ẹ̀gbẹ́ òsì yìí fi nípọn tó báyìí, tí ti ọ̀tún sì fẹ́lẹ́?" Oníbàárà tó bá fẹ́ ibi tó lẹ́ran, ẹ̀gbẹ́ tó nípọn yẹn ló máa ń tọ́ka sí.

Ó ronú. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Màámi, ti ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóóró tó wà nítòsí ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí kó lọ gba afẹ́fẹ́. Ti òsì, gbogbo ara ló ń tì í lọ sí, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀." Mo ní, "Ehn-ehn! Alábàárù tó ń ru ẹrù dé ìsọ̀ kejì àti èyí tó ń rù ú dé ìlú kejì, apá wọn kò lè rí bákan náà." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìyẹn.

Ó tún fi awọ funfun kan hàn mí láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, okùn tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ló so ó mọ́lẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ni, apá kan ṣoṣo ló ń ṣí sí, okùn yẹn ni kò jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn. Ó ní gbì-gbì tí a ń gbọ́ láyà wa, ariwo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn tó ń tì ni. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń lù tó bíi 70 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú kó tún mọ́, ó ti tó 100,000. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kan, bíi lítà 5 ni, kò ju kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni ọkàn fi ń ti gbogbo rẹ̀ yí ara po. Mo ní ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sáré bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan péré ni gbogbo ohun tí a ní!

Oníbàárà kan ti dúró. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ran, ọkàn yẹn, ṣé títà ni àbí ẹ̀kọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èkejì." A sè é jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

LÁTI ORÍ FÙKÙ DÉ KÍNDÌNRÍN

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yí ètò padà. Mo gba ọmọ kan tí yóò máa bá mi fọ ẹran lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mi á jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ títí di ọ̀sán. Ohun tó bá kà, màá fi ọ̀kan pamọ́ fún un nínú ọjà mi. Bí èrò bá dínkù, á wá ṣàlàyé fún mi ní Yorùbá. Bí kò bá yé mi, ó túmọ̀ sí pé kò yé òun náà, á padà lọ kà á.

A ju fùkù sínú ọpọ́n omi, ó léfòó. A ju ẹ̀dọ̀ sí i, ó rì. Mo ní kí ló fà á? Ó ní afẹ́fẹ́ ló kún inú fùkù, bíi kànìnkànìn. Ó ní ti ènìyàn, apá ọ̀tún pín sí mẹ́ta, apá òsì pín sí méjì, nítorí pé ọkàn ń bẹ níbẹ̀, ó gba àyè.

A dé orí òróòro. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òróòro bá bẹ́ sórí ẹran, ẹran náà ti korò. Èmi rò pé òróòro ló ń ṣe omi kíkorò yẹn fúnra rẹ̀. Ó ní rárá o, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, àpò tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí ni òróòro. Bí a bá jẹ ohun ọlọ́ràá, àpò náà á tú u sínú ìfun láti fi lọ ọ̀rá náà. Ó ní ẹ̀dọ̀ náà ló ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ fún ara, òun náà ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn tí a bá gbé mì. Mo ní áà, alájọ àti agbálẹ̀ ọjà pọ̀ mọ́ra wọn ni ẹ̀dọ̀ yìí.

Kíndìnrín ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ti màlúù rí wúruwùru, bí ẹni kó èso jọ sójú kan. Ti inú ìwé ń dán, ó rí bí ẹ̀wà ńlá. Ọmọ náà ní, "Màámi, ṣé ìwé ń parọ́ ni?" Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ewúrẹ́, mo mú kíndìnrín ewúrẹ́ wá. Ó bá ti inú ìwé mu! A là á sí méjì. Ó ní nínú kíndìnrín kan ṣoṣo ti ènìyàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ajọ̀ kéékèèké ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jọ ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, omi tí wọ́n ń jọ tó lítà 180. Mo ṣírò rẹ̀ bíi ti ọjà: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ó lé ní méje! Ó ní ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń dá padà sínú ara, bíi lítà kan sí méjì péré ló ń jáde bí ìtọ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi kíndìnrín kún ẹran fún oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ènì.

MÀLÚÙ KÌ Í ṢE ÈNÌYÀN O

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé egungun ìhà mélòó ló wà. Pẹ̀lú ìgboyà ni mo fi dáhùn pé 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí mo ti ń kà á láti kékeré. Kò yẹ ìwé wò. Nígbà tí olùkọ́ wọn bi í ní kíláàsì, ó ní 13. Olùkọ́ náà ní, "Ṣé màlúù ni ìwọ ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ti ènìyàn, 12 ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Láti ọjọ́ náà la ti ṣe òfin: ìwé ló kọ́kọ́, tábìlì ẹran ló ṣìkejì. Ohun tó bá yàtọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ikùn màlúù pín sí mẹ́rin, ti ènìyàn ẹyọ kan ni. Ìfun kékeré inú ènìyàn gùn tó bíi mítà 6, ti màlúù lè tó 40. Egungun kékeré kan ń bẹ nínú ọkàn màlúù, kò sí irú rẹ̀ nínú ti ènìyàn. Ẹ wá wò ó, ohun tó yàtọ̀ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Ti egungun, àbúrò rẹ̀ ló di ìwé. Lálẹ́, bí iná bá lọ, ọmọkùnrin náà á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ṣọ́ọ̀kì ya egungun sí i lára, èmi á mú àtùpà dání. 206 ni egungun àgbàlagbà. Ti ọmọ tuntun pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn kan ṣì máa so pọ̀ bó bá ń dàgbà. Ọwọ́ kan ní 27, ẹsẹ̀ kan ní 26. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 106, ó ju ìdajì gbogbo egungun ara lọ. Ìyẹn ni ọwọ́ wa ṣe lè ka owó, kó pọn ọmọ, kó tún di ẹrù. Egungun itan ló gùn jù lọ, inú etí ni èyí tó kéré jù wà.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N LỌ WO ÒKÚ

Ní oṣù kẹrin, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi òkú kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà. Ó ní oògùn tí wọ́n fi tọ́jú òkú náà ń ta lójú àti nímú bí ata. Ọ̀kan nínú wọn dákú. Tiwa kò dákú, ṣùgbọ́n nígbà tó délé kò lè jẹ ẹran, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ ẹlẹ́ran! Mo ní kí ló bà ọ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Ó ní òkú náà kò ba òun lẹ́rù. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ òkú náà ti hunjọ, ó rí bí ọwọ́ Màmá àgbà. Ó ní kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n rántí pé ọmọ ẹnì kan ni, bóyá ìyá ẹnì kan pàápàá.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọmọ mi á di nọ́ọ̀sì. Ẹni tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà lára òkú tí kò mọ̀ rí, kò lè fi aláìsàn ṣeré.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá wọn pé kí wọ́n má pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ìgbẹ́ mọ́. Ìyá wa Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wọ ilé ọkọ, kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn. Ipò òyìnbó ni ipò yẹn tẹ́lẹ̀. Ibi tí àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀kọ́ egungun àti iṣan.

ÒGIRI TÓ NÍPỌN

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdánwò ńlá, ọmọ mi yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fẹ́ fi wá kọ́ ọwọ́. Àwa mẹ́wàá la tẹ́ apá sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi. Ó ń wé aṣọ rẹ̀ mọ́ wa lápá, ó ń fẹ́ ẹ, a ń fi í ṣe àwàdà. Nígbà tó kan tèmi, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. 172 lókè, 104 nísàlẹ̀.

Mo ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Mo ní orí kò fọ́ mi, n kò ṣàìsàn, àárọ̀ yìí ni mo ru ẹran láti odò-ẹran. Kò bá mi jiyàn. Ó mú ọkàn màlúù kan tí mo ti là sórí tábìlì, ó di ìka mi mú, ó fi í tẹ ògiri òsì tó nípọn yẹn. Ó ní, "Màámi, nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí iṣan bá le, ògiri yìí á máa fi agbára tì í jù. Á máa nípọn sí i, á máa le sí i, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kò ní ké sí yín. Kò ní dun yín. Ẹ̀yin lẹ bi mí pé kí ló dé tó fi nípọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè tí mo fi kọ́ ọmọ, òun lọmọ fi kọ́ mi.

Mo lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn, bákan náà ni. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo ń lò ó títí di òní. Wọ́n bi mí ní oògùn tí mo ń gbé mì fún ara ríro lálaalẹ́ nítorí ẹ̀yìn mi. Wọ́n ní irú rẹ̀ kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bí èèyàn bá sọ ọ́ di oúnjẹ. Mo rántí kẹ́ẹ̀gì méje àti ajọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn, mo dáwọ́ dúró.

Nínú àwa mẹ́wàá yẹn, ọ̀kan wà tí tirẹ̀ ga ju tèmi lọ. Ọmọ mi bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún, nígbà tí ọjà bá rọlẹ̀. N kò ní dárúkọ. Gbogbo wa la mọ ìsọ̀ tó ti pa báyìí, gbogbo wa la sì mọ ẹni tí wọ́n ń gbé jáde sí oòrùn láàárọ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ọmọ mi ṣe ìdánwò PTS, ó gba 63. Mo jókòó síbi tí wọ́n ti dé e ní fìlà, mo sunkún bí ọmọdé. Ó parí ní 2018, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba báyìí. N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan o, n kò mọ nǹkan kan. Ìbéèrè ni mo bi í, àkókò rẹ̀ ni mo sì dá padà fún un.

Nítorí náà:

1. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó má fi ọjà gba àkókò rẹ̀, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́. Oṣù díẹ̀ ni, ọjà ń bẹ títí.

2. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sáré sọ pé kò lórí ìwé. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kà fún yín ní Yorùbá. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kó padà lọ kà. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

3. Kí gbogbo wa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, ìbáà ṣe pé ara wa le. 120 lókè, 80 nísàlẹ̀, ó dára. Bó bá ti tó 140 lókè, tàbí 90 nísàlẹ̀, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ lọ rí dókítà.

4. Ẹ dín iyọ̀ kù. Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ èèyàn kan kò yẹ kó ju ṣíbí tíì kan lọ, èyí tó wà nínú èròjà ọbẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

5. Ẹ má máa gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́ láìbi ẹni tó mọ̀.

Ìyá Elélùbọ́, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má padà sílé. Bó bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú un wá sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ọkàn kan á ti wà nílẹ̀ dè é, màá ti fi ọ̀bẹ là á sílẹ̀. N kò ní gba owó rẹ̀.

Ire o. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó sì bá wa ṣọ́ ohun tó wà nínú wa. Ó dìgbà kan ná.